Ẹni T'ó Ni Ara L'ó Mọ Bí Ó Ṣe Ń Ṣe É

 

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí lè má jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Bí a ṣe ń pe ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Àti èyí t'ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ara wọn. Ohun t'ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ ara mi l'ó ti ṣẹlẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní mọ́sálásí kan ní agbègbè Ketu níbí, èmi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún kí n kéde sàárà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì ní abíyá. Ẹnu ọ̀nà l'ó jókòó sí, nítorí àtẹ̀gùn mẹ́ta ni a fi ń wọ inú mọ́sálásí náà. Kí n tó mọ ohun tí ẹnu mi ń sọ, mo ti ní kí jámáà dákun ṣàánú arọ t'ó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn nítorí Ọlọ́run. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀. Kò bínú, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣa owó náà jọ, ó tò ó, ó ní kí ọmọdé kan bá òun jù ú sínú àpótí mọ́sálásí. Lẹ́yìn ìrun ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Àáfà, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí. Ìrun ni mo wá kí. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi, iṣẹ́ mi ń gbé mi." Ó kí mi pé ó dàbọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà, n kò fi ojú kàn án mọ́ ní mọ́sálásí.

Ní àkọ́kọ́, mo ń bá ara mi jiyàn. Mo ní, kí ni mo wí tí kò dára? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ ni? Irọ́ kọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ òótọ́ ní ẹnu ẹnì kan, kí ó sì di ìwọ̀sí ní ẹnu ẹlòmíràn. Arọ tí mo wí, alágbe ni gbogbo jámáà gbọ́. Àwa Yorùbá kúkú mọ èyí tipẹ́, àwa náà l'a ní a kì í ka ìka ọwọ́ oníka mẹ́sàn-án lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe yẹn sọ ohun tí ẹni t'ó ń wo ìka kò gbọdọ̀ ṣe. Kò sọ ohun tí oníka mẹ́sàn-án fúnra rẹ̀ máa ń wí nípa ìka rẹ̀.

Ẹ jẹ́ k'á kọ́kọ́ wo èdè wa. Yorùbá ní ọ̀nà méjì tí ó ń gbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà kìíní ni kí á fi "a" ṣíwájú ohun t'ó ṣe ènìyàn, kí ó sì di orúkọ rẹ̀. Ojú fọ́, ó di afọ́jú. Etí di, ó di adití. Ó ń tiro, ó di atiro. Ẹsẹ̀ rọ, ó di arọ. "A" yìí kan náà l'ó wà nínú apẹja àti aránṣọ: ẹni t'ó ń pa ẹja ni apẹja, ẹni t'ó ń rán aṣọ ni aránṣọ. Nítorí náà, tí a bá pe ènìyàn ní arọ, àfi bí ẹni pé rírọ ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, aránṣọ ni. Arọ ni mo pè é.

Ọ̀nà kejì ni kí á sọ ọ́ ní gbólóhùn. Ojú mi kò ríran. Ojú mi ń ṣe bàìbàì tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Etí mi kò gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ara wọn. Gbólóhùn máa ń fi ènìyàn sílẹ̀ bí ẹni t'ó ni ara. Ó dárúkọ ibi tí ìṣòro wà, kò sì fọwọ́ kan ìyókù. Ó tún sọ bí ó ṣe tó: nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí à ń pè ní afọ́jú ni kò rí nǹkan kan rárá. Òmíràn ń rí ìmọ́lẹ̀, òmíràn ń rí òjìji ènìyàn, òmíràn ń ríran lọ́sàn-án kò rí lóru. Orúkọ kan ṣoṣo ti da gbogbo wọn pọ̀.

Ohun kan tún wà t'ó máa ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kéde àjẹsára pólíò kiri, orúkọ tí wọ́n pe àìsàn náà lórí rédíò ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe tò: àrùn l'ó rọ ọmọ lápá, àrùn l'ó rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Àrùn l'ó jẹ̀bi, ọmọ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó bọ́ sí ogún ọdún, arọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn àrùn, ó ti bọ́ sí ọrùn ọmọ. Nàìjíríà rí kòkòrò pólíò ti ayébáyé yẹn kẹ́yìn ní ọdún 2016, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ti mú ṣáájú ìgbà náà kò kúrò láàárín wa. Wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ń tajà, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń tún fóònù ṣe. Kódà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń jókòó lé, "kẹ̀kẹ́ arọ" ni à ń pè é. Ẹnikẹ́ni kì í pe awò ojú ní awò afọ́jú.

Ti ẹ̀tẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Láti ọdún 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí àkójọpọ̀ oògùn t'ó ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn, láti ọdún 1995 sì ni oògùn náà ti di ọ̀fẹ́ káàkiri àgbáyé. Ènìyàn á lo oògùn, á sàn pátápátá, kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Tí ó bá padà délé, adẹ́tẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wo ẹ̀tẹ̀ sàn, orúkọ kò sàn.

Àwọn kan rí i pé àwọn orúkọ wọ̀nyí le, wọ́n sì wá àwọn tí ó rọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ k'á gbé àwọn náà yẹ̀ wò, nítorí rírọ̀ nìkan kò tó. "Aláàbọ̀ ara" ni rédíò máa ń lò jù. Ààbọ̀ ni ìdajì. Ara ta ni ó jẹ́ ìdajì? Allah sọ nínú Súratut-Tin pé ìdúró t'ó gún régé jù lọ ni Òun dá ènìyàn sí, kò sì yọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n sílẹ̀. "Abirùn" ń sọ pé àrùn ṣì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣàìsàn rárá; ara wọn le ju tiwa lọ.

"Ẹni òrìṣà" ní ìtàn tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá wa kan ni pé Ọbàtálá l'ó mọ abuké, arọ, àfín àti aràrá bí wọ́n ṣe rí. K'á má purọ́, orúkọ náà dáàbò bò wọ́n nígbà náà, nítorí ẹni t'ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà l'ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mùsùlùmí kò lè gba ìtàn yẹn gbọ́. Allah nìkan l'ó ń dá ẹ̀dá, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ Rẹ̀ ṣèèṣì dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ju orúkọ yẹn nù, ààbò wo l'a fi rọ́pò rẹ̀? Ìbéèrè yẹn ń dùn mí. Mo ti rí ilé Mùsùlùmí tí wọn kò lè dárúkọ òrìṣà, síbẹ̀ tí wọ́n ń fi abuké àdúgbò dá àpárá.

Èyí t'ó dé kẹ́yìn ni "akàndá ẹ̀dá", pẹ̀lú "ẹni t'ó ní ìpèníjà ara". Àwọn méjèèjì ń jà fún ire. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ṣe òfin kan tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní ọdún 2011, òun l'ó dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. "Special People" ni òfin náà pè wọ́n, akàndá náà ni. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò pè wọ́n ní "special". "Persons with Disabilities" l'ó lò, ìyẹn ni pé ènìyàn l'ó ṣíwájú, ohun t'ó ṣe é sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà l'ó wà nínú àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2006, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007 tí ó sì fi àṣẹ lé ní 2010. Ẹgbẹ́ ńlá tí àwọn fúnra wọn kóra jọ dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, JONAPWD, orúkọ kejì yìí náà l'ó mú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò ríran rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tí mo pè é ní akàndá, ó ní, "Ẹ̀yin yòókù ńkọ́, ṣé wọ́n ṣèèṣì dá yín ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Mo fẹ́ kí ó yé wa pé n kò sọ pé ọ̀rọ̀ tààrà bí afọ́jú tàbí arọ jẹ́ èèwọ̀. Ẹni t'ó bá ń ná ọjà Mile 12 mọ bí àwọn ará Òkè Ọya ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó. Ní èdè Hausa, makaho ni wọ́n ń pe afọ́jú. Gurgu ni arọ. Àwọn tí ojú wọn kò ríran ní ilẹ̀ Hausa ní olórí tiwọn, Sarkin Makafi ni oyè rẹ̀, ọba àwọn afọ́jú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn ní Sarkin Guragu. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ì bá fi bú wọn, oyè ni wọ́n fi jẹ, tí wọ́n fi ń yanjú ìjà láàárín ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá kan á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Afọ́jú ni mí, ẹ fà mí lọ́wọ́ kọjá títì." Ó ti lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí ó nílò. Kò fún wa ní ìwé àṣẹ pé kí á máa fi ké pè é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ànábì Musa (kí ọlà Allah máa bá a) mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu òun. Nínú Súratu Tá Há, òun fúnra rẹ̀ bẹ Olúwa rẹ̀ pé kí Ó tú kókó ahọ́n òun, kí ọ̀rọ̀ òun lè yé àwọn ènìyàn. Ẹ wo bí ó ṣe sọ ọ́: kókó kan wà lórí ahọ́n, kí á tú u. Ní Súratuz-Zukhruf, Firiáónà sọ̀rọ̀ lórí ahọ́n kan náà. Ó ní ta ni ẹni yẹpẹrẹ yìí tí kò lè sọ̀rọ̀ k'ó yé ènìyàn. Ahọ́n kan náà ni o, ìṣòro kan náà. Musa fi tọrọ ìrànlọ́wọ́. Firiáónà fi sọ ọ́ di ẹni tí kò yẹ kí á gbọ́. Akólòlò ilé wa náà kò ṣàìpe bàbá, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí Ibn Abbas fi han Ata ọmọ Abu Rabah, ìtàn rẹ̀ wà nínú Bukhari àti Muslim. Obìnrin náà tọ Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Allah k'ó máa bá a) wá, ó ní wárápá máa ń gbé òun ṣubú, ara òun a sì máa ṣí sílẹ̀. Kí ó bá òun ṣe àdúà. Ànábì fi ọ̀nà méjì hàn án: sùúrù kí ó sì gba alùjánńà, tàbí àdúà fún ìwòsàn. Ó mú sùúrù. Ó wá ní, ṣùgbọ́n ti ara t'ó ń ṣí yẹn, kí ó bẹ Allah kí ara òun má ṣí mọ́. Ànábì sì ṣe àdúà náà fún un. Àwa t'a wà nítòsí ì bá rò pé wárápá ni ìṣòro rẹ̀. Òun t'ó ni ara sọ pé ìhòòhò ni. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àdúà tí kò bèèrè ni wọn ì bá ṣe fún un.

Ata t'ó gba ìtàn yẹn wá fún wa, ẹ mọ irú ẹni tí òun náà jẹ́? Àwọn t'ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ojú kan ni ó fi ń ríran, apá rẹ̀ kan rọ, ó ń tiro, nígbẹ̀yìn ojú rẹ̀ méjèèjì kò ríran mọ́. Síbẹ̀ nígbà Haj, wọ́n ń kéde ní Mẹ́kà pé òun ni kí àwọn ènìyàn lọ bèèrè fátíwà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ayé tiwa yìí, Sheikh Abdul-Aziz bin Baz, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ láti nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, l'ó di Mufti àgbà ilẹ̀ Saudi ní ọdún 1993, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1999.

Ti Abdullah ọmọ Umm Maktum, ọ̀pọ̀ wa mọ Súratu Abasa tí ó sọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti Súratun-Nisa, àáyà 95. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ pé ẹni t'ó jókòó sílé kò bá ẹni t'ó jáde lọ jà dọ́gba, Ibn Umm Maktum dìde, ó ṣàròyé ti ojú rẹ̀. Allah sì fi kún àáyà náà, Ó yọ àwọn tí ara kò gbà fún sílẹ̀. Ohun tí ọkùnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ojú rẹ̀ ni ìdí tí gbólóhùn kan fi wà nínú Kùránì tí à ń kà dòní. Ládàánì ni ọkùnrin yìí pẹ̀lú Bilal. Ní ìdájí, kì í pe ìrun títí wọn yóò fi sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ojú. Wọ́n ń sọ àkókò fún un ni.

Amr ọmọ al-Jamuh ńkọ́? Atiro ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin kò fẹ́ kí ó lọ sí ogun Uhud ní ọdún kẹta Híjírà, wọ́n ní Allah ti gba àwáwí rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òun lọ bá Ànábì, ó ní ẹsẹ̀ t'ó ń tiro yìí gan-an ni òun fẹ́ fi tẹ ilẹ̀ alùjánńà. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ, ibẹ̀ l'ó sì kú sí. Àwáwí tí òfin fún un, òun l'ó ni ín. Kò sí ẹni t'ó lè fi dè é mọ́lẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Itban ọmọ Malik, nítorí ó dà bí ẹni pé Kosofe níbí l'ó ń gbé. Òun ni ó ń ṣe lìmọ́mù fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó sọ fún Ànábì pé òkùnkùn máa ń wà, àgbàrá máa ń wà, òun sì jẹ́ ẹni tí ojú ń dùn. Kí ó wá kírun sí ibì kan nínú ilé òun, kí òun lè fi ibẹ̀ ṣe ibi ìkírun. Ẹni t'ó bá ń gbé ní Agiliti tàbí létí odò Ògùn ní ẹ̀yìn Mile 12 mọ ohun tí ó ń sọ. Tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, omi a gba ojú ọ̀nà, ẹni tí ojú rẹ̀ ríran pàápàá kò mọ ibi tí gọ́tà wà. Itban kò sọ pé, "Afọ́jú ni mí, ẹ ṣàánú mi." Ohun mẹ́ta l'ó tò: òkùnkùn, àgbàrá, ojú. Méjì nínú rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n wà. Ànábì wá sí ilé rẹ̀, ó sì bi í pé ibo l'ó fẹ́ kí òun ti kírun. Ó fi igun kan hàn án. Rákà méjì ni wọ́n kí níbẹ̀.

Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ kan ní Ìlú Ọba tí ń jẹ́ UPIAS, tí àwọn tí ara ń ni fúnra wọn dá sílẹ̀, ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀: ohun t'ó ṣe ara lọ́tọ̀, ohun tí àwùjọ ṣe sí ẹni náà lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ tí kò gbé ènìyàn, ti ara nìyẹn. Ọkọ̀ dáńfó tí kò ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀, tí kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ń pariwo pé k'ó wọlé kíákíá, ti àwùjọ nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé ń gbé ọ̀rọ̀ yìí gẹ̀gẹ̀ bí ìmọ̀ tuntun, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Itban ti tò ó bẹ́ẹ̀ ní Mẹ̀dínà ní èyí t'ó ju 1,300 ọdún lọ ṣáájú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan á wá bi mí pé: Àáfà, àwọn orúkọ t'ó wà nínú hádíìsì ńkọ́? Ìbéèrè dáadáa ni. Al-A'raj tí ó ń gba hádíìsì lẹ́nu Abu Huraira, Abdur-Rahman ọmọ Hurmuz ni orúkọ rẹ̀. A'raj ni atiro. Al-A'mash, Sulaiman ọmọ Mihran, ojú l'ó ń dùn ún tí ó sì ń ṣomi. Ànábì pàápàá pe ẹnì kan ní Dhul-Yadain nítorí ọwọ́ rẹ̀, òun l'ó rán an létí nígbà tí ó gbàgbé nínú ìrun. An-Nawawi, t'ó kú ní ọdún 676 Híjírà, yanjú rẹ̀ nínú Riyadus-Salihin. Ó ní tí ó bá jẹ́ pé orúkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi mọ ẹnì kan, ó ní ìyọ̀ǹda láti fi dá a mọ̀. Tí ó bá jẹ́ láti fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èèwọ̀ ni. Tí a bá sì lè fi nǹkan mìíràn dá a mọ̀, ìyẹn l'ó dára jù. Èyí bá àáyà 11 Súratul-Hujurat mu, níbi tí Allah ti kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Nàná Aisha sọ ọ̀rọ̀ kan lórí kíkúrú Safiyya. Ànábì sọ fún un pé bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi òkun, yóò bà á jẹ́. Orúkọ mélòó ni àwa ń pò mọ́ omi lójoojúmọ́ ní gáréèjì àti ní ìdí ọjà!

Àwa oníwàásù ní ẹ̀bi tiwa lọ́tọ̀. Tí a bá ń bá àwọn alágídí wí lórí mímbárì, a ó ní afọ́jú ni wọ́n, adití ni wọ́n, odi ni wọ́n. A ó ní Súratul-Baqara l'a ti rí i. Lóòótọ́ l'ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Súratul-Haj, àáyà 46, ti túmọ̀ rẹ̀ fún wa: ojú kọ́ ni ó ń fọ́, ọkàn t'ó wà nínú àyà ni. Mélòó nínú wa l'ó máa ń ka ìtumọ̀ yẹn tẹ̀lé e? Èmi náà ti pariwo "afọ́jú!" tán kí n tó rí bàbá kan ní sàfù kejì tí ọ̀pá funfun rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ti odi yìí náà ń fẹ́ àtúnṣe. Etí l'ó ṣe adití, ẹnu rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, èdè gidi ni, ó ní òfin tirẹ̀, wọ́n ń fi jiyàn, wọ́n ń fi dá àpárá, wọ́n ń fi fẹ́ ìyàwó. Àwa tí kò gbọ́ èdè náà l'a jókòó tí a sọ wọ́n ní odi. Tí wọ́n bá wá sí Jímọ̀, ẹnu lìmọ́mù ni wọ́n ń wò títí kútúbà yóò fi parí, nítorí mọ́sálásí t'ó ní ẹni tí ń fi ọwọ́ túmọ̀ kò pọ̀.

Mo wá télọ̀ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìhà Ikosi. Mo bẹ̀ ẹ́. Òfin 2019 yẹn kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa mú irú wọn kiri láti fi tọrọ owó. Èmi kò mú un kiri, ẹnu mi l'ó ṣe é. Ó ní ó ti tán. Ó ní kí n jókòó, ó ń tẹ aṣọ lọ. Mo bi í pé kí ni kí á máa pè é. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, kò tíì gbó o, Àáfà." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi bá sì di dandan, ẹ sọ pé àtẹ̀gùn yín ga."

Ó wá ka ìyókù fún mi bí ẹni ń ka ìwọ̀n aṣọ. Ibi àlùwàlá jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Àwọn ọmọdé máa ń gbé ọ̀pá òun kúrò níbi tí òun fi í sí, wọ́n á ní àwọn ń tún sàfù ṣe. Tí ìrun bá parí, òun kò ní ohun tí òun lè fi dìde. Àwọn àgbà máa ń di òun mú ní apá láìbèèrè, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo ohun tí ó kà, kò sí owó níbẹ̀.

Mo gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Mo rán wọn létí pé òfin fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí irú wọn lè gbà wọlé, ọdún náà sì ti pé láti oṣù kìíní 2024. Akápò bèèrè pé owó wo. Mo ní èyí tí ọkùnrin náà jù sínú àpótí lọ́jọ́ yẹn yóò ra àpò símẹ́ńtì díẹ̀. Wọ́n gbà. Bíríkìlà da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ní Jímọ̀ t'ó kọjá, télọ̀ náà wá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gùn ún dé òkè, ó padà sọ̀ kalẹ̀, ó mi orí. Ó ní ó ṣì dà gẹ̀rẹ́ jù, tí òjò bá rọ̀ yóò máa yọ̀, kí bíríkìlà fà á gùn sí i ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bíríkìlà yóò padà wá ní ọjọ́ Àlàmísì, in shā Allah.